Ọ̀rọ̀ Ìsasùn Ìyá Rẹ

Ilé Oyèdélé,
Inísà, lẹ́bàá Ìkìrun.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, 1993.

Mojísọ́lá ọmọ mi, ìyá Ìmọ́lẹ̀olúwa,

O kú ewu ọmọ. Ọlọ́run tó mú ọ wọ yàrá ìbímọ tó sì mú ọ jáde tọwọ́ tẹsẹ̀, Òun náà ni kó máa jí ọ láàárọ̀, kó máa tẹ́ ọ sùn lálẹ́, kó má sì jẹ́ kí omi ọyàn rẹ gbẹ. Mo kí ọkọ rẹ Olúsọjí, mo kí ìyá rẹ tó wá bá ọ tọ́jú ọmọ, mo sì kí ọ̀gá gbogbo wa, ìyẹn Ìmọ́lẹ̀olúwa, tí ẹ ní orí rẹ̀ jọ tèmi. Sọ fún un pé orí yẹn kò burú o. Òun ni mo fi ka ìwé dé Sítáńdáàdì Fáìfù, òun náà ni mo sì fi ń ṣe akọ̀wé ìjọ wa láti ọdún mẹ́rìndínlógún títí dòní, wọn ò sì rí àṣìṣe nínú ìwé mi rí àfi ẹ̀ẹ̀kan péré, ìyẹn náà sì jẹ́ ẹ̀bi tádáwà.

Àwa náà ń bẹ láàyè, a sì ń dúpẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti kọ ebè tó pọ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn ń ro mí ṣùgbọ́n kò tó ohun tí mo ń sọ sínú ìwé, mo kàn sọ ọ́ kó o lè mọ̀ ni. Ewúrẹ́ dúdú ìyá rẹ ti bí, mẹ́ta ló bí, gbogbo wọn ló sì ń mu ọmú. Jọ̀wọ́, sọ ti ewúrẹ́ yìí fún un kíákíá, kó o sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, kí inú rẹ̀ ti dùn dáadáa kó tó gbọ́ ohun tó kù nínú ìwé yìí. Bàbá Adéyẹmí tí wọ́n wà ní ojúlé kejì sí wa ní kí n kí ọ. Wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè bóyá òótọ́ ni pé ní Èkó, omi ń jáde lára ògiri. Mo dá wọn lóhùn pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe lójoojúmọ́.

Jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ọpẹ́, nítorí ọpẹ́ ló mú mi jókòó kọ̀wé. Ẹrù tó o fi rán awakọ̀ ti dé. Páálí ò ya, okùn ò tú, awakọ̀ náà ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní ọkọ rẹ ti sanwó ohun gbogbo l'Ékòó. Ọmọ mi, o ṣeun, o kú ìnáwó, ìkòkò tìrẹ náà ò ní gbẹ láé. O mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé tí ìyá rẹ ti wà lọ́dọ̀ rẹ. Kí n má purọ́ fún ọ, kí ẹrù rẹ tó dé, ẹ̀kọ àti àkàrà ni mò ń jẹ láàárọ̀, ẹ̀kọ àti àkàrà ni lọ́sàn-án, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, màá yí i padà, màá jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ. Àwọn obìnrin agboolé ní àwọn á máa gbé oúnjẹ wá fún mi, mo ní rárá, pé ọmọ mi ti kọ̀wé pé ìkòkò ń bọ̀, pé èmi náà á dáná. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni èmi àti ìyá rẹ ti ń gbé inú ilé yìí, ọjọ́ tí mo wọ ilé ìdáná lọ dáná ni mo tó mọ̀ pé ó ní fèrèsé.

Páànù dúdú tí wọ́n fi ń dín nǹkan ni mo kọ́kọ́ yọ nínú páálí. Ìwé kan wà nínú rẹ̀, mo wọ awò mi, mo kà á látòkè délẹ̀, àyà mi sì já. Wọ́n ní páànù yìí ò gbọdọ̀ rí ṣíbí irin, kò gbọdọ̀ rí iyanrìn, kò gbọdọ̀ rí eérú, a ò sì gbọdọ̀ gbé e kaná lófìfo. Mo ní háà, èèwọ̀ mẹ́rin fún páànù kan ṣoṣo! Èmi alàgbà ìjọ, tí gbogbo Inísà mọ̀ pé nǹkan tó ń jẹ́ èèwọ̀ ò sí nílé mi, báwo ni kí n ti ṣe é? Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wòlíì wa, mo ka ìwé náà sí wọn létí. Wọ́n rò ó lọ rò ó bọ̀, wọ́n ní èèwọ̀ tí kò bá ti mú ẹ̀jẹ̀ dání, kí n máa lò ó, ṣùgbọ́n kí n gbàdúrà lé e lórí kí n tó gbé e kaná. Mo gbàdúrà lé e lórí. Mo fọ́ ẹyin méjì sínú rẹ̀, Mojísọ́lá, ẹyin náà kọ̀ kò lẹ̀! Ó ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, èmi náà ń fi ṣíbí onígi lé e kiri títí ọwọ́ mi fi tẹ̀ ẹ́. Ó dùn. Iyọ̀ ló pọ̀ jù, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀bi páànù.

Ìkòkò kejì, èyí tí ọmọrí rẹ̀ jẹ́ dígí, ìyẹn ló múnú mi dùn jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nínú ìkòkò, ṣíṣí ló máa ṣí i, ooru á sì yọ sí i lójú. Tìrẹ ò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìrẹsì kaná lórí sítóòfù, mo jókòó tì í, mo ń rí bí omi ṣe ń hó, mo ń rí bí ìrẹsì ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bàbá Adéyẹmí wọlé wá kí mi, ni àwọn náà bá fa àpótí, a sì jọ ń wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bí omi bá ru sókè, wọ́n á ní ó ti dé, ó ti dé! Bó bá lọ sílẹ̀, wọ́n á ní ó tún ti lọ. Wọ́n ní ọkùnrin tó ṣe irú ọmọrí yìí, ìyàwó rẹ̀ ò lè fi ẹran pa mọ́ fún un láyé. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti gbúròó pé mo ṣáná sí sítóòfù, wọ́n á ti gbé àpótí wọn dání wá.

Káàdì kan wà nísàlẹ̀ páálí, tí àwọn tó ṣe ìkòkò kọ ọ́ sí pé àwọn dúró fún un fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ìwọ náà rántí ìgbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní kí n mú onídùúró kan ṣoṣo wá, tí ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ mu ọmú kan náà sá lọ sóko fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn wọ̀nyí ò rí mi rí, wọn ò mọ agboolé mi, wọ́n sì dúró fún ìkòkò mi. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi àti iye ènìyàn tó wà nínú ilé mi sínú káàdì kí n dá a padà sí àwọn. Mo fi ọwọ́ tó dáa kọ ọ́. Iye ènìyàn, mo kọ méjìlélógójì, nítorí mo ka àwọn tó wà ní Kàdúná mọ́ ọn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ lọ́la pé mo yọ òun sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bi mí pé ta ló sọ nípa ìkòkò wọn fún mi, mo kọ orúkọ rẹ, mo kọ ti ọkọ rẹ, mo sì kọ ọ́ pé ọmọ tuntun ti dé. Àyè ò gbà mí mọ́, ni mo bá so ìwé mìíràn mọ́ ọn, mo kí wọn tọkọtaya tọmọtọmọ, mo bi wọ́n pé ìlú wo ni wọ́n ti wá, ọmọ ta ni wọ́n ń jẹ́, nítorí a ò lè jọ wà nínú àdéhùn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ká má mọ ojúlé ara wa. Wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sẹ́yìn káàdì náà. Mi ò tíì pè é, nítorí lẹ́tà mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, kò dáa kéèyàn máa kánjú.

Ó dáa. Mo ti ń fi ọpẹ́ sún ọ̀rọ̀ náà síwájú láti òkè, ṣùgbọ́n kò síbi tí mo fẹ́ sá gbà mọ́. Ìsasùn ìyá rẹ ti fọ́. Èmi ni mo fọ́ ọ.

O mọ èyí tí mò ń sọ, ìsasùn amọ̀ tí ìyá ìyá rẹ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, tó gbé wá láti Ìbà, tó fi ń sebẹ̀ fún mi láti ọjọ́ náà. Ìwọ náà mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ìsasùn yẹn tó. Kò sí àlejò tó jẹun nílé wa tí mi ò fi hàn. Wọ́n á ní ọbẹ̀ yìí mà dùn o, kí ìyá rẹ tó la ẹnu, èmi á ti dá wọn lóhùn, màá ní ìkòkò ìyá ìyàwó mi ni, màá ní irú amọ̀ yẹn ò sí mọ́, màá ní ọjọ́ tó bá fọ́ lọbẹ̀ tán nílé wa. Ìyá rẹ á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, á kó abọ́, á wọlé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, orí mi wú, mo ní mo ti mọ̀ ọ́n sè, kí n se oúnjẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé ìrẹsì kaná sínú ìkòkò rẹ lórí sítóòfù, mo dá iná igi sí ààrò, mo gbé ìsasùn lé e, mo se ẹ̀fọ́ yánrin sínú rẹ̀. Ni èmi àti Bàbá Adéyẹmí bá kọjú sí dígí, a kọ̀yìn sí ààrò. Ìrẹsì náà ṣe bẹbẹ lọ́jọ́ yẹn, ó ń fò, ó ń yí, a ò mojú kúrò. Kí òórùn tó ta sí wa nímú, ọbẹ̀ ti gbẹ táútáú, ìdí ìsasùn ti pọ́n. Mo sáré bu omi tútù nínú àmù, mo dà á sí i pé kí n gbà á là. Ó dún páá! Ó là sí méjì, ìlàjì kan ṣubú síbí, ìlàjì kejì ṣubú sọ́hùn-ún. Bàbá Adéyẹmí dìde, wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, àwọn ò wá síbí lónìí.

Mi ò lè jẹ ìrẹsì náà. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, omi bọ́ lójú mi. Ìyá àgbà tó fún un ní ìkòkò yẹn ti di ará ọ̀run, lójú mi, ohun tó kù lọ́wọ́ ìyá rẹ lára ìyá tó bí i nìyẹn, mo sì ti fi wíwo ìrẹsì bà á jẹ́. Ẹ ti ní tí Ọdún Àjíǹde bá kọjá, ó ń bọ̀ nílé. Mo ní mo gbọ́dọ̀ rí òmíràn tó dáa kó tó dé, bó bá ṣe pé ẹsẹ̀ ni màá fi rìn ín.

Ìkìrun ni mo kọ́kọ́ lọ, sọ́dọ̀ Oyèwálé, ọkùnrin tó ń yọ́ irin àlòkù, tó ń dà á sínú iyanrìn, tó ń sọ ọ́ di ìkòkò. Èrò mi ni pé bí ti amọ̀ bá fọ́, kí n kúkú ra èyí tí ò lè fọ́ mọ́. Oyèwálé mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní sùúrù, fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n gbé ìkòkò sókè kí n kọjú rẹ̀ sí oòrùn kí n yọjú wo inú rẹ̀, tí mo bá rí ìmọ́lẹ̀ tó tó ojú abẹ́rẹ́ lásán, kí n gbé e sílẹ̀, ó máa jò. Ó ní kí n gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí n fọwọ́ tì í, tó bá ń mì, ìdí rẹ̀ ò dọ́gba, ọbẹ̀ á máa jóná lápá kan. Ó ní kí ìdí rẹ̀ nípọn ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kí etí rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n fi ìṣó kàn. Mo gbé ìkòkò mẹ́tàdínlógún wo oòrùn lọ́jọ́ náà, ọrùn mi ò tíì padà bọ̀ sípò. Nígbà tí mo mú ọ̀kan, mo ní ó ku káàdì. Ó ní káàdì kí ni? Mo ní káàdì ìdúró, pé àwọn ará Èkó dúró fún tiwọn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, pé kí òun náà dúró fún tirẹ̀, kó sì mú ẹni méjì tó nílé lórí ní Ìkìrun wá tí wọ́n á jẹ́rìí sí i. Ó wò mí títí. Ó ní ìkòkò lòun rò pé mo wá rà, òun ò mọ̀ pé ìyàwó ni mo wá fẹ́. Mo ní tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò bá dá a lójú, kó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Inú bí i, ló bá lọ pe fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ìyá tó ń ta epo lódìkejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí ìwé tí mo kọ. Ìwé náà wà nínú àpótí mi, tí ọmọ rẹ bá dàgbà, kó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo se èèpo iṣu nínú ìkòkò náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń dà á nù bí Oyèwálé ṣe ní kí n ṣe, kí dúdú irin lè jáde lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá se yánrin sí i. Ìkòkò náà ò jò, kò mì, kò jóná, kò sí ohun tí mo lè torí rẹ̀ pe àwọn onídùúró. Ọbẹ̀ ni ò ṣe é fẹnu kàn. Bàbá Adéyẹmí tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó rán àwọn létí oògùn tí wọ́n fún àwọn ní dìsípẹ́ńsárì lọ́dún tí àwọn ní ibà. Mo ní ẹ ò rí i, ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, amọ̀ ìyá ìyàwó mi ló ń mú ọbẹ̀ dùn, kò sí ohun tí irin lè ṣe sí i.

Ni mo bá di àpáàdì méjèèjì sínú àpò, mo wọ mọ́tò, ó di ọjà Òkukù. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àyànfẹ́, Ìlọrin ni wọ́n ti ń kó ìkòkò amọ̀ wá. Mo kí wọn, mo ní ìsasùn ni mò ń wá, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ògidì. Wọ́n ní kí n fi ìka kọ́ ọ kí n tẹ́tí sí i, èyí tó bá gbó dáadáa nínú iná á dún ketekete, èyí tó bá ti là níbì kan, ohùn rẹ̀ á há. Mo kọ́ gbogbo ìkòkò tó wà níwájú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí àwọn ará ọjà fi dúró ń wò mí. Wọ́n ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ ra inú rẹ̀, kó má máa bó ìyẹ̀fun sí mi lọ́wọ́. Wọ́n bu omi sí ọ̀kan, wọ́n ní kí n dúró kí n wò ó bóyá ara rẹ̀ á tutù lóde, pé tó bá tutù, ó ń jò nìyẹn, mo sì dúró. Mo wá béèrè onídùúró. Ìyá yìí rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi tú. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé ìkòkò amọ̀ ò lónídùúró, ẹni tó bá rà á ni kó máa fọwọ́ jẹ́jẹ́ gbé e.

Ìgbà yẹn ni mo tú àpò. Mo kó àpáàdì síta, mo ní kí wọ́n bá mi wá èyí tó jọ ọ́ gan-an, tí ìyàwó mi ò fi ní dá a mọ̀, pé ìkòkò ìyá rẹ̀ ni, pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i padà, wọ́n wo ìdí rẹ̀. Wọ́n wò mí lójú. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti wá, mo ní Inísà. Wọ́n ní kí lorúkọ ìyàwó mi, mo ní Adétóun, ọmọ Ìbà. Ni wọ́n bá fi ìbòrùn bo ẹnu.

Wọ́n fi ìlà mẹ́ta kan hàn mí nídìí ìsasùn náà, tí wọ́n fi igi fà nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Wọ́n ní àmì ọwọ́ àbúrò àwọn tó ń mọ ìkòkò ní Ìlọrin nìyẹn, pé ọwọ́ àwọn ló ti jáde, kò sì lè tó ọgbọ̀n ọdún, nítorí ọdún kẹsàn-án tí ọkọ àwọn kú ni èyí, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìkòkò. Mo ní irọ́ ni. Mo ní kí wọ́n má bínú, àgbàlagbà ni wọ́n, ojú wọn ni ò ríran dáadáa mọ́. Wọn ò bínú. Wọ́n ní ìyàwó mi wá bá àwọn lọ́dún tí àwọn bẹ̀rẹ̀ ọjà náà gan-an, ó di àpáàdì sínú ìró bí èmi náà ṣe di í sínú àpò, ó ní ìkòkò ìyá òun gbá mọ́ ààrò, ó fọ́, kí wọ́n bá òun wá èyí tó jọ ọ́. Nígbà tó di ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó tún padà wá, ìkejì náà ti là. Ìkẹta ni èyí tí mo fọ́. Wọ́n ní ó bẹ àwọn lẹ́ẹ̀mejèèjì pé kí ará Inísà kankan má gbọ́, nítorí ọkọ òun sọ pé ìkòkò yẹn ló ń mú ọbẹ̀ dùn, tó bá fi lè mọ̀ pé kì í ṣe ìkòkò yẹn mọ́, ọbẹ̀ òun ò ní dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ó tiẹ̀ sọ fún àwọn bí òun ṣe máa ń fi epo pa tuntun lára, tí òun á gbé e sójú èéfín fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí òun tó gbé e jáde.

Mojísọ́lá, mo jókòó sílẹ̀ láàárín ìkòkò. Mo rántí ọbẹ̀ tí a jẹ nígbà tó o gba ìwé ẹ̀rí rẹ. Mo rántí ọdún tí àìsàn dá mi gbálẹ̀, tó jẹ́ pé ọbẹ̀ ilá ìyá rẹ nìkan ló ń wọ̀ mí lọ́nà ọ̀fun, tí mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí mi pé ẹ wo ohun tí ìkòkò ń ṣe. Amọ̀ Ìlọrin tí mi ò mọ ẹni tó mọ ọ́n ni mò ń yìn! Ọwọ́ ìyá rẹ ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìkòkò, ẹni tó sebẹ̀ sì dúró síbẹ̀ ó ń kó abọ́. Ojú tì mí lójú ọjà, mi ò fi bò fún ọ.

Ìyá Àyànfẹ́ na ìsasùn kan sí mi, èyí tó dún ketekete jù, wọ́n ní kí n máa mú un lọ, pé àwọn náà ò ní sọ. Mo ní rárá o. Mo ní ìyàwó mi á wá yan tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ojú ọ̀sán, ṣangiliti, á fi ìka ara rẹ̀ kọ́ ọ, á yan èyí tó wù ú, kò ní fi epo pa á, kò sì ní gbé e sójú èéfín. Èmi ni màá gbé e délé. Wọ́n ní àwọn á pa ọ̀kan tó dáa mọ́ dè é.

Nítorí náà, tó o bá rí nǹkan díẹ̀, fi rán ìyá rẹ nígbà tó bá ń bọ̀, kí n lè fi tàkísì gbé e lọ sí Òkukù, kí wọ́n má lọ há a mọ́ inú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìkòkò tuntun lẹ́sẹ̀. Kí owó kẹrosíìnì náà wà níbẹ̀, sítóòfù yìí ń mu ju ènìyàn lọ, tó bá sì ṣẹ́ kù díẹ̀, ojú awò mi kan ti yọ, ojú kan ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Bí kò bá sí, má ṣe dààmú, ohun tó o ti ṣe ti pọ̀. Tí ọmọ bá sì ṣì nílò ìyá rẹ, ẹ má lé e wá nítorí mi, mo ti mọ ẹyin dín, iyọ̀ náà ti ń wálẹ̀.

Ọlọ́run á dá ọ sí, á dá ọkọ rẹ sí, ọmọ tó o gbé pọ̀n á gbé tìrẹ náà pọ̀n lọ́jọ́ ogbó. Oúnjẹ tó o bá sè á máa dùn, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á mọ̀ pé ìwọ lo sè é, á sì ya ẹnu sọ ọ́.

Ìyá rẹ ò mọ̀wé kà, ìwọ lo máa ka èyí sí i létí. Kà á tán pátá, má fo ibì kankan. Lẹ́yìn náà, bá mi sọ fún un pé Jọláyẹmí ní pẹ̀lẹ́ o, ti ìkòkò ìyá rẹ̀ tó fọ́ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kí i nígbà náà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jọláyẹmí Oyèdélé.